Bàbá Rẹ Ń Jẹun, Síbẹ̀ Ó Ń Rù

                                                                Abúlé Fangatonga,
                                                                Vavaʻu,
                                                                Tọ́ngà.
                                                                Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2018.

Vuna, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ oko ọsàn, mo sì kí ọ kú òtútù òkè òkun níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ́kọ́ dé ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Isikeli tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó fi já bọ́ lórí àkàbà ti san? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyá mi ní kí n kí ọ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ gidigidi, ó ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ wà ní pípé àyàfi dúdú yẹn, èyí tí a pa nígbà tí ìyá àgbà ìdílé Manase kú. Má bínú. Ó tóbi, òun ló sì sún mọ́ ọ̀nà jù.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé, bí mo bá pè ọ́, ìyá rẹ á ní kí n gbé tẹlifóònù náà sórí tábìlì kí gbogbo ilé lè máa gbọ́, àwọn ará ọ̀nà náà á sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba ẹnu àwọn èèyàn tó. Mo gbọ́ pé o ń bínú sí mi. Wọ́n ní o sọ fún Isikeli pé mo dójú ti bàbá rẹ níwájú gbogbo ìjọ, pé èmi ni mo sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi bọ́ lọ́wọ́ ìhà òkè. Ti ẹ̀rọ yẹn, òótọ́ ni. Ti ìdójútì, jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí o tó dá mi lẹ́jọ́.

O ti lọ nígbà tí àlùfáà bẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí. Ó sọ lórí àga ìwàásù pé àwọn ọkùnrin ìjọ ń kú kí ọjọ́ wọn tó pé, pé ẹsẹ̀ tí ìtọ̀ ṣúgà ti gé lábúlé yìí tó gẹ́ẹ́. Ó pín wa sí méjì, ìhà òkè tiwa àti ìhà etí òkun. Ìhà tí àwọn ọkùnrin rẹ̀ bá fọn jù títí ìparí oṣù kẹjọ ni yóò gba ẹ̀rọ tuntun tí àwọn ọmọ abúlé wa tó wà ní Ọ́kílándì fi ránṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìdánrawò akọrin, a ó kó ara wa lọ sí gbọ̀ngàn, a ó gun ìwọ̀n tí a fi ń wọn àgbọn gbígbẹ, Manase a sì ké nọ́ńbà kálukú síta. O mọ ohùn Manase. Àwọn tó wà lójú òkun pàápàá mọ bí mo ṣe wúwo tó.

Níbẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ kò dín rárá. Lẹ́yìn Àjíǹde ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a. Bí ó bá ti gun ìwọ̀n, ìhà òkè á bú sáyọ̀.

“Feleti! Kí lò ń jẹ gan-an, atẹ́gùn?”

“Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mò ń jẹ,” ni bàbá rẹ á fèsì. “Ẹ lọ wá tiyín.”

Àlùfáà ní kí ó dìde jẹ́rìí ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Ó dìde, ó ní bí ebi bá dé, òun á gbàdúrà, òun á mu omi, ebi á sì lọ. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìyá rẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, o sì dá a lóhùn pé ó dà bí ọmọkùnrin tó ń wá ìyàwó.

Vuna, ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa ni mo parí sí, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti lè di igi ìwalẹ̀ mú ni èmi àti bàbá rẹ ti jọ ń wa isu. Mo mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Okùn tí ẹnu rẹ̀ kì í kan ara wọn níwájú nígbà tó bá ń de ẹní àṣà wa mọ́ ìbàdí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Nínú òtútù oṣù kẹfà tí gbogbo wa ń wọ ẹ̀wù òtútù, òun ń làágùn, ó ń wá ẹnu ọ̀nà sùn. Bí a bá ń ti oko bọ̀, ó máa ń dúró láàárín òkè, á gbọ́wọ́ lé àyà. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n pè lójijì láti ẹ̀yìn. Ó jágbe mọ́ ìyá rẹ nítorí ọ̀bẹ tó sọnù, ìwọ náà sì mọ̀ pé a ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Nígbà tí a jókòó mu omi gbòǹgbò kava ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì ife dà sí i lórí orúnkún. Àwọn ọkùnrin fi í ṣẹlẹ́yà.

“Ife kan péré, ó ti yó!”

“Kì í ṣe kava o. Ọmọge tó ń pò ó ló ń wò.”

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ara ọkùnrin yìí kò yá. Ó ní, “Sitaleki, ẹni tó ń gbààwẹ̀ ló yẹ kó sanra ni? Fi ọkọ mi sílẹ̀, jẹ́ kó gba ẹ̀rọ wá.” Mo sọ fún òun fúnra rẹ̀. Ó wo ikùn mi, ó ní ìlara ló ń ṣe mí. Mo sọ ọ́ níbi kava, wọ́n bi mí bóyá ìhà etí òkun ló rán mi níṣẹ́. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, pé ebi kì í mú ọwọ́ ẹni gbọ̀n bẹ́ẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí n mu kava mi.

Mo bá lọ bá ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ni í ṣe sí bàbá rẹ, kò sì bá a jiyàn. Ó kàn lọ sí ilé yín ní òwúrọ̀, ó ní, “Feleti, wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́.” Bàbá rẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. A wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ilé ìwòsàn nígboro.

Dókítà obìnrin tó gbà wá ń jẹ́ Hingano. Kò kánjú. Ó ní kí ènìyàn máa rù láìjẹ́ pé ó fẹ́ rù kì í ṣe àìsàn kan pàtó. Àmì ni, ohun tó sì lè fà á pọ̀. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó lè jẹ́ aràn tàbí ìfun tí kì í gba oúnjẹ. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó sá pamọ́. Ìbànújẹ́ ọkàn náà máa ń fà á, eyín tó ń dunni a máa fà á, oògùn mìíràn a máa fà á. Nítorí náà òun yóò máa yọ wọ́n kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Wọ́n gún ìka rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ dára. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti fi wo kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ àti bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n gba ìgbẹ́, wọ́n ní kó wúkọ́ kó tutọ́ sínú ike, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ń sáré. Bàbá rẹ ní abẹ́rẹ́ ló ń ba òun lẹ́rù, nọ́ọ̀sì sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a padà lọ gbọ́ èsì, gbogbo rẹ̀ mọ́. Dókítà bá bi í léèrè pé, “Bàbá, oúnjẹ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa?”

Bàbá rẹ nà tàntàn. Ó ní, “Ha, dókítà, mo ti dín in kù gan-an. Ìdíje ìjọ wa ni. Èmi ni mò ń ṣíwájú.”

Dókítà fi kálámù lélẹ̀. Ó ní kí ló dé tí a ò ti sọ èyí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ara tí a kò fún lóúnjẹ, kò sí ohun ìyanu nínú kó rù. Ó ní kó rọra ṣe é, kó sì padà wá bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ jáde bí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń sọ ọ́ fún àwọn tí a kò mọ̀ rí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ sọ òun di òkú, ṣùgbọ́n dókítà ti wẹ òun mọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé mo ṣì í.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ sí oko yín lọ́sàn-án láti lọ yá igi ìwalẹ̀. Mo rí èéfín lẹ́yìn àwọn igi tí ìyá rẹ ń já ewé rẹ̀ hun ẹní. Mo rò pé iná ń jó oko, mo sáré lọ. Bàbá rẹ ló jókòó síbẹ̀. Ìkòkò ewé kókò tí a fi ẹran inú agolo àti omi àgbọn sè wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Isu sísun wà lápá ọ̀tún, odidi búrẹ́dì wà lápá òsì, kò sì fi wọ́n ṣeré. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ẹnu rẹ̀ kún.

Ó gbé e mì. Ó ní, “Jókòó, kí o jẹun.”

Mo jókòó, mo jẹun. A kì í kọ oúnjẹ. Nígbà tí mo jẹ díẹ̀, mo bi í léèrè pé ṣé ojoojúmọ́ ni. Ó ní ojoojúmọ́, láti Àjíǹde. Nílé, lójú gbogbo ènìyàn, ó ń mú oúnjẹ tó kéré bíi ti ọmọ ọwọ́. Tó bá dé oko, á jẹ ohun tí ọkùnrin mẹ́ta lè jẹ, kò sì ní yó. Ó ní, “Bí mo ṣe ń jẹ tó ni ìwọ̀n ń lọ sílẹ̀ tó. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní Feleti oníkùn. Mo rò pé Ọlọ́run ló wẹ̀yìn wò tó ṣàánú mi.”

“Bàbá, àpò tó ya nìdí ni yín. Kì í ṣe àánú lèyí.”

“Mo mọ̀.” Ó gbé ọwọ́ mi, ó fi lé àyà rẹ̀. Vuna, ó ń ta lábẹ́ ọwọ́ mi bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sínú ọkọ̀. Ó ní nígbà mìíràn òun á ta jí, òun á rò pé yóò já síta.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún dókítà?”

“Mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì,” ló wí. “Nọ́ọ̀sì yẹn, ìbátan ìyàwó àlùfáà ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé á ti gbọ́ pé mo purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Jẹ́ kí oṣù kẹjọ parí, Sitaleki. Bí mo bá tiẹ̀ kú, ìhà òkè á ti gba ẹ̀rọ.” Ó fi rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, n kò rí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

O mọ ìwà mi, o sì mọ àṣà wa. Arákùnrin ìyá mi ni bàbá rẹ. Ohun tí ọmọ arábìnrin bá béèrè lọ́wọ́ arákùnrin ìyá rẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹgbẹ́ mi ti fi ẹ̀tọ́ yìí gba ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ti gba ẹní, Isikeli tí ẹ jọ ń gbé gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ tirẹ̀ lójú títì, ọkùnrin náà fẹsẹ̀ rìn délé. Èmi ò gba nǹkan kan rí lọ́wọ́ bàbá rẹ. Mo dìde, mo nu ọwọ́ mi.

“Bàbá, mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ yín.”

Ara rẹ̀ yá, ó rò pé mo ti pa ọ̀rọ̀ dà. “Mú ẹlẹ́dẹ̀ tó bá wù ẹ́.”

“Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀.”

“Ẹní? Lọ bá Losaline ìyàwó mi, ó ní ọ̀kan tó gùn.”

“Kì í ṣe ẹní. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbé mì mọ́ isu yìí ni mo fẹ́. Mo gbà á lónìí. Ó ti kúrò ní tiyín. Èmi ni n ó sọ ọ́ fún dókítà, èmi náà ni n ó sọ ọ́ fún ẹni tó bá yẹ kó gbọ́. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ jókòó tì mí.”

Ó ní, “Màlúù ni àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń gbà.”

“Ẹ ò ní màlúù.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé ìkòkò lé mi lórí, ó ní kí n máa gbé e lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì a padà sọ́dọ̀ Dókítà Hingano. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà jókòó dáadáa. “Ó ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ó sì ń rù?” Láti ìgbà náà, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Ó ní kí bàbá rẹ na ọwọ́ síwájú, ó tẹ́ ewé ìwé kan lé ìka rẹ̀, ìwé náà ń jó. Ó fún un lómi, ó ní kó gbé e mì díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ọrùn rẹ̀, ó sì fi ìka tẹ abẹ́ gògóńgò rẹ̀. Ó bi í léèrè nípa ooru, oorun àti ìgbẹ́. Bàbá rẹ jẹ́wọ́ pé òun ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, òun rò pé isu ni. Wọ́n so okùn ẹ̀rọ mọ́ àyà rẹ̀ láti ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn, wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú ni yóò gbé èyí lọ sí Niu Sílándì, nítorí wọn kì í ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Èsì dé. Ẹran kékeré kan wà lọ́rùn gbogbo wa, ó rí bíi labalábá, ibẹ̀ náà ni gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ sí. Òun ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe yára jó oúnjẹ. Ti bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Gbogbo isu tó ń jẹ, iná yẹn ń jó o tán kó tó di ẹran ara, ó sì ń lé ọkàn rẹ̀ sáré tọ̀sán-tòru. Dókítà ní bí a bá fi í sílẹ̀ títí ìparí oṣù kẹjọ, òun ò lè ṣèlérí ohun tí ọkàn náà máa ṣe. Ó fún un ní oògùn kan tí yóò bomi paná ọrùn náà, àti òmíràn tí yóò mú ọkàn rọlẹ̀. Ó kìlọ̀ fún wa pé bí ọ̀fun bá ń dùn ún tí ibà sì mú un, a kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la, torí oògùn àkọ́kọ́ yẹn lè ba agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá àrùn jà jẹ́. Wọ́n sì ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò látìgbàdégbà. Èmi ni mò ń mú un lọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé tó bí ọ nínú. Ìwọ̀n tó kẹ́yìn nínú ìdíje náà ni. Bàbá rẹ gun ìwọ̀n, Manase ké nọ́ńbà rẹ̀: ó ti wúwo sí i. Gbogbo ìhà òkè fò dìde.

“Feleti! Ta ló bọ́ ẹ?”

“Ó ti tà wá fún etí òkun! Ẹ wo ẹnu ẹ̀, ó ṣì ń dán!”

Bàbá rẹ dúró lórí ìwọ̀n, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó lè sọ pé ìfẹ́ ẹran ló mú òun, wọn ì bá bú u, wọn ì bá sì gbàgbé. Mo rí i pé ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn pamọ́ bó ṣe fi oúnjẹ pamọ́. Mo dìde. Mo ní Bàbá Feleti kò gbààwẹ̀ rí, pé ó ń jẹun ju gbogbo wọn lọ, pé àìsàn ló ń bá wọn du ẹ̀rọ láti Àjíǹde, kí wọ́n yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Àlùfáà bi bàbá rẹ bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá rẹ ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Sitaleki ti gbà á lọ́wọ́ mi tipẹ́.”

Àlùfáà yọ nọ́ńbà náà. Ìhà òkè pàdánù. Àwọn ará etí òkun pàtẹ́wọ́, ta ni kò ní pàtẹ́wọ́? Ìgbà náà ni ìyá rẹ dìde láàárín àwọn obìnrin, ó rìn lọ bá Manase níbi ìwọ̀n. Mo rò pé ó fẹ́ gbá ẹnìkan létí, mo sì mọ ẹni náà. Ó ní, “Ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ. Manase, nọ́ńbà ọkọ mi, tún un kà.” Manase kà á. Ó ní, “Kà á sókè.” Manase kà á sókè. Ìyá rẹ dúró síbẹ̀, ó gbọ́ ọ tán, ó di bàbá rẹ lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀, wọ́n lọ sílé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Níbi kava, èmi ni wọ́n ń gbé ife fún kẹ́yìn báyìí. Mò ń mu ún. Àlùfáà kò tíì pe bàbá rẹ dìde fún ẹ̀rí mìíràn, bàbá rẹ sì ní ìyẹn gan-an tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ń sùn. Lánàá ó bú mi nítorí mo gbin isu sí ibi tí omi ń gbà kọjá, ó sì tọ́ sí mi.

Má padà wálé nítorí èyí. Parí iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n dókítà ní àìsàn yìí máa ń rìn nínú ìdílé. Bí ìwọ náà bá ń jẹun tí o ń rù, tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, tí ọkàn rẹ ń sáré nígbà tí o jókòó jẹ́ẹ́, má ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé kí wọ́n lè yìn ọ́. Lọ bá dókítà, sọ gbogbo ohun tí ò ń jẹ fún un, sì ní kí ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ.

Bá mi kí Isikeli, sọ fún un pé ẹni tó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń fẹsẹ̀ rìn. Bá mi kí gbogbo ọmọ Vavaʻu tó wà lóko náà. Ní ti ìbínú rẹ, bí kò bá tíì tán, máa bínú lọ, oko ọsàn tóbi tó o. Ìgbà yòówù tí o bá dé, bàbá rẹ á wà nílé láti bá wa parí ìjà náà.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, olórí kunkun tí o mọ̀,

Sitaleki.